Adájọ́ Tí Kì Í Dáni Lóhùn

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹni tó lo ọdún méjìdínlọ́gọ́rùn-ún láyé kì í ṣe ohun tí à ń sọ lórí ìdúró. N kò ní tò ó láti ọjọ́ ìbí dé ọjọ́ ikú. Àwọn lọ́ọ̀yà ti ṣe ìyẹn nínú ìwé ìsìnkú: ìgbà tí Bàbá di adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀, àwọn ìlú tó ti gbẹ́jọ́, ìwé ńlá tó kọ lórí bí Yorùbá ṣe ń pín ogún, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣì ń kà títí dòní. Gbogbo rẹ̀ pé, òótọ́ sì ni. Bàbá tí mo mọ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Èmi ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, èmi náà sì ti ń gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n. Ilé-ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà Mayesbrook nílùú òyìnbó ni mo ti ń dáná fún àwọn ọmọdé kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Dagenham, nítòsí ọgbà Valence, ni Bàbá lo ọdún mẹ́rìnlá tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ sí, nínú yàrá iwájú tó kọjú sí títì.

Ohun tó wà nílẹ̀ rèé, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣìnà. Ìyàwó méjì ni Bàbá fẹ́. Ìyáálé ni ìyá àgbà mi. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, òun ni ìyá mi, Fọlákẹ́. Ìyàwó kejì bí mẹ́fà. Bàbá kọ́ ilé kan sí Ìjẹ̀bú. Kò pẹ́ tó kọ́ ọ tán tí ìyá àgbà mi kú, wọ́n sì sin ín sí iwájú ilé náà, lábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀, bí a ti ń sin èèyàn wa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ilé yẹn kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ bíríkì àti páànù fún ìyá mi. Ẹni tó bá ni iwájú ilé ló ni ìyá rẹ̀. Ó fi gbogbo ọdún tó lò ní ìlú òyìnbó máa sọ pé bí òun bá darúgbó, ibẹ̀ ni òun yóò padà lọ jókòó sí.

Bàbá kì í jókòó láì de táì. Òjò lè máa rọ̀ láti àárọ̀, kó má sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn, yóò de táì dúdú rẹ̀, yóò fi pẹ́ńsùlù méjì sí àpò àyà, yóò jókòó sẹ́nu fèrèsé bí ẹni tí wọ́n ń retí. Ohun gbogbo ni ó ń kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù kọ. Bí ó bá dá a lójú tán, á fi bírò tẹ̀ lé ojú ibẹ̀. Ìyá mi máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ ò kúkú ń lọ síbì kankan, ẹ jẹ́ kí ọrùn yín gba atẹ́gùn." Kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní, "Ẹjọ́ kì í ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀."

Lóòótọ́, ẹjọ́ ń bọ̀. Kò tíì pẹ́ ní Dagenham tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa fi mọ̀ pé adájọ́ ni. Aládùúrà ni wá. Ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ojú irin ni a sọ di ilé àdúrà, a máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ nínú òtútù tó lè mú eegun sọ̀rọ̀. Bí ìjà bá dé láàárín àwọn tó wọ aṣọ funfun, wọn á ní kí a lọ bá Bàbá Adájọ́. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò náà ń wá. Alhájì tó ń wa takisí, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkẹta sí tiwa, àti Bùọ̀dá Sàmúẹ́lì tó ń lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì, jà lórí igi ọgbà tó pààlà ilé wọn. Oníkálukú ní ẹnì kejì ló gé e wọ inú ilẹ̀ òun. Alhájì ní, "Sàmúẹ́lì, o ò jẹ́ sọ fún Bàbá pé àdúrà ló gé e." Sàmúẹ́lì ní, "Alhájì, bí ẹ bá ń wakọ̀ bí ẹ ṣe ń gé igi, Ọlọ́run ló ń gba àwọn èrò yín là."

Ara gbogbo wa ló ń gbọ̀n fún ẹ̀rín, àfi Bàbá. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ wọn ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọlé, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó jáde, ó ní kí wọ́n fa igi náà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Igi tó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn méjèèjì fi ìbínú lọ. Ìyá mi ní ṣé ẹjọ́ rèé, tí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni? Bàbá ní, "Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín jáde lọ́dọ̀ mi, kó padà wá. Á jẹ́ pé mo ti ṣègbè."

Ohun tí àwọn èèyàn ò lè fara mọ́ nípa rẹ̀ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ yé. Bí ẹjọ́ ẹnì kan bá wà níwájú rẹ̀, Bàbá kì í dáhùn bí onítọ̀hún bá kí i. Kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀, kì í mu omi rẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ igi yẹn fi wà nílẹ̀, Alhájì yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú títì, "Ẹ káàárọ̀, sà," Bàbá yóò máa wo orí òrùlé tó wà ní òdìkejì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láàárín àwa Yorùbá, kí ènìyàn kí àgbà kí àgbà má dáhùn, ó sàn kí ó gbá a létí. Láti ìgbà tó ti wà ní kóòtù ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ti ní ẹjọ́ níwájú rẹ̀ rí, oṣù méjì ni kò fi dá a lóhùn. Mo bi í léèrè pé kí ló burú nínú ẹ káàárọ̀ lásán. Ó ní, "Ẹ̀bùn tó kéré jù ni. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ń gbà wọlé."

Ara ògiri lókè tábìlì rẹ̀ ni ó lẹ àwòrán kan mọ́, tó gé nínú ìwé àtijọ́: òyìnbó kan, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ga dé àgbọ̀n, ojú rẹ̀ tutù bí omi inú ìkòkò. Adájọ́ ará Amẹ́ríkà ni, ayé àwọn baba ńlá wa ló gbé. Bàbá fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn iṣẹ́ ọkùnrin yìí fún àwọn ọmọ mi. Ó ń gbẹ́jọ́ lọ́sàn-án, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní òfin, ó sì tún ń kọ ìwé tó nípọn bí ìrọ̀rí. Àwọn tó ń gbẹ́jọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ń tọ́ka sí i. Ó kórìíra òwò ẹrú, ó sì sọ ọ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú ẹrú kan tó sá wá síwájú rẹ̀, tí ẹni tó ni ín sì ní ìwé lọ́wọ́, adájọ́ yìí wo òfin, ó ní kí wọ́n dá a padà. Bàbá máa ń sọ ibẹ̀ bí ẹni ń kí ènìyàn ní oríkì. Ó ní ọkùnrin náà kò gbé ọkàn ara rẹ̀ lé òṣùwọ̀n.

Ọjọ́ kan ni mo bi í pé ẹrú náà ńkọ́, nígbà tó padà dé ọ̀hún. Atẹ́gùn láti ìhà odò ń mi fèrèsé. Ó ní, "Ìwé kò sọ."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù ohun kan tí n kò lè dárúkọ. Mo mọ orúkọ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo mú un rìn lọ sí etí omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́ Valence. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo omi dúdú yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo bi í.

Obìnrin kan wà, Mọ̀rẹ́nikẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó méjì ni bàbá rẹ̀ fẹ́, nígbà tó kú, ó fi ilẹ̀ kan sílẹ̀. Òun nìkan ni ìyá tirẹ̀ bí. Ìyàwó kejì bí mẹ́fà. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà pín ogún. Bí a bá fi ìdí-igi pín in, ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan yóò mú ìdajì, Mọ̀rẹ́nikẹ́ nìkan yóò mú ìdajì ilẹ̀. Bí a bá fi orí-ò-jorí pín in, ọmọ méje, ìpín méje. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ìwé rẹ̀ nígbà náà, ó sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé orí-ò-jorí ló bá ẹ̀tọ́ mu jù, pé orí ọmọ kan kò tóbi ju orí ọmọ kejì lọ. Mọ̀rẹ́nikẹ́ kò tilẹ̀ bá wọn jà lórí ìdajì. Igun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún, níbi tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí. Ó mú ẹlẹ́rìí wá pé baba òun ti fi ẹnu ara rẹ̀ fún òun ní igun yẹn kí ó tó kú. Àwọn ẹlẹ́rìí náà kò purọ́, Bàbá mọ̀. Síbẹ̀, ó dájọ́ pé ìfẹ́ baba sí ọmọ kan kò lè tú ìpín gbogbo ọmọ ká. Ó pín in sí méje. Ó sì kọ ẹjọ́ náà sínú ìwé rẹ̀, ojú ewé mẹ́rin gbáko.

Wọ́n ta ilẹ̀ náà. Ẹni tó rà á kọ́ ilé ìlagi sórí rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ bọ́ sí igun yẹn.

Mọ̀rẹ́nikẹ́ kò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Gbogbo ọjọ́ kóòtù, yóò wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kò ní sọ nǹkan kan. Bí Bàbá bá ń wọlé, á kúnlẹ̀, á kí i. Ọdún púpọ̀, títí wọ́n fi gbé Bàbá lọ sí ìlú mìíràn. Mo ní ṣé ó ń ṣépè ni? Ó mi orí rẹ̀ pé rárá. Ó ní, "Ẹjọ́ rẹ̀ ti parí. Ó ń kí mi, mo sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ìyẹn ló burú jù."

Ẹ wá rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà wá sílé. Bùọ̀dá Gbóyèga ni àkọ́bí nínú àwọn ọmọ mẹ́fà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi sọ ọ́ lókùúta. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù Bàbá pé òrùlé ilé Ìjẹ̀bú ti ń jò, pé ẹnì kan fẹ́ rà á láti fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, pé kí Bàbá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí àwọn yóò ṣe pín in, kí àwọn má baà máa jà lórí òkú rẹ̀. Ìyá mi gbọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní òun kò fẹ́ ìdajì, òun kò fẹ́ yàrá, kí Bàbá sáà fún òun ní iwájú ilé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé oúnjẹ wọ yàrá iwájú, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Bàbá ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn.

Ìyá mi rò pé etí rẹ̀ ni. Ó tún un kí. Bàbá fi ìka méjì sún àwo oúnjẹ náà kúrò níwájú rẹ̀ títí ó fi dé etí tábìlì. Nígbà náà ló yé ìyá mi. Ó pè mí níbi iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé. Ó ní, "Wọ́n ti sọ mí di ẹlẹ́jọ́."

Èmi náà gbé oúnjẹ wá láti ilé mi, ó kọ̀ ọ́. Ó ní ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà. Bó ṣe di pé ìyàwó Alhájì ló ń fún adájọ́ ní ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ nìyẹn, láti ilé kẹta, ní ọwọ́ ọ̀sán, nígbà tí ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ dúró sí ibi ìdáná tó ń gbọ́ ìró ṣíbí. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni. Táì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin bi mí pé, "Màámi, ṣé wọ́n ń do fasting ni?" Àwọn àgbà ìjọ wá bẹ̀ ẹ́ nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní kó jẹun lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ní ẹjọ́ ni kí ẹ gbàdúrà fún. Adájọ́ ò ṣàìsàn."

Mo jókòó síwájú rẹ̀ ní ọjọ́ kan tí mo ti pinnu pé n kò ní bẹ̀bẹ̀, n ó ro ẹjọ́ ni. Ó mú pẹ́ńsùlù. Ó ní kí n sọ tẹnu mi.

Mo ní, "Bàbá, ilé yín ni. Ẹ ṣì wà láàyè. Ẹ lè fún ẹni tó bá wù yín."

Ó ní, "Bàbá Mọ̀rẹ́nikẹ́ náà, ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ó wà láàyè nígbà tó fún un."

Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó sọ pé òun ṣi ẹjọ́ yẹn dá, kó kọ ọ́ kí gbogbo ayé kà á.

Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ó mú bébà kan jáde tó ti pọ́n bí ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Pẹ́ńsùlù ló fi kọ ọ́, ó ti ń parẹ́ lọ. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti ìgbà tí òun gan-an ṣì wà lórí àga adájọ́, pé òun ṣi ẹjọ́ Mọ̀rẹ́nikẹ́ dá, pé igun yẹn tọ́ sí i. Kò fi bírò tẹ̀ lé e rí. Nígbà yẹn, ìwé rẹ̀ ti di ohun tí àwọn lọ́ọ̀yà ń gbé lọ sí kóòtù, wọ́n ń yìn ín káàkiri. Ojú tì í.

Ó ní, "Ká ní mo fi bírò kọ ọ́ nígbà tí kò kàn mí, ìdájọ́ ni. Tí mo bá kọ ọ́ lónìí, ọmọ mi ni mo ń ṣègbè fún."

Mo ní, "Ìyá wa ló wà nínú ilẹ̀ yẹn, Bàbá. Ìyàwó yín."

Ó ní, "Mo mọ ẹni tó wà níbẹ̀." Ó dá bébà náà padà sínú dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, ló dájọ́. Ìyá mi ò tíì bọ́ sùtánà funfun rẹ̀. Wọ́n gbé fóònù lé orí tábìlì, Bùọ̀dá Gbóyèga àti àwọn márùn-ún yòókù hàn nínú rẹ̀, oníkálukú nínú fèrèsé kékeré tirẹ̀. Bàbá dìde dúró. A fẹ́ dì í mú, ó kọ̀. Ó kà á ní ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn kóòtù, bí ẹni pé kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọmọ méje, ìpín méje, láìyọ igun kankan sọ́tọ̀.

Bùọ̀dá Gbóyèga ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, "Bàbá, àwa ò sọ pé kí ẹ má fún Àǹtí ní nǹkan kan." Àwọn yòókù ní Bàbá ti dájọ́, ta ni yóò yí i padà?

Bàbá jókòó. Ó yíjú sí ìyá mi, ó wò ó, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Fọlákẹ́, o káàsán. Ebi ń pa mí."

Ìyá mi wọ ibi ìdáná lọ. Ìkọ́kọrẹ́ ni Bàbá fẹ́ràn jù, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í rin iṣu ewùrà fún. Mo dúró tì í. Ó ń rin ín, kò wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "N ò mọ ẹni tí mò ń se oúnjẹ yìí fún." Ó sè é síbẹ̀. Bàbá jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu àwo.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn tó fi kú lórí àga rẹ̀, òwúrọ̀ ni, táì wà lọ́rùn rẹ̀. A bá ìwé kan tó fi bírò kọ, pé kí a má gbé òun lọ sílé. Ó ní, "Mo ti pín in tán, kò sí ìpín mi níbẹ̀." Bó ṣe jẹ́ pé itẹ́ òkú ní ìhà Barking ló sùn sí nìyẹn, láàárín àwọn òyìnbó tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ ń retí kí n sọ bóyá ó ṣe dáadáa. Mo ti bi ara mi títí. Adájọ́ tòótọ́ ni, èmi ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sì ní kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ ta ilé Ìjẹ̀bú, ẹni tó rà á sọ pé òun yóò dúró fún oṣù kan kí ìyá mi lè wá gbé ìyá rẹ̀. Ó fò lọ sílé, ó ń wá ibi tí yóò sin ín sí. Kò tíì rí ibì kankan nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n ní ọ̀gá àwọn ló rán àwọn. Ó pè mí láti iwájú ilé yẹn. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "A ti gbé ìyá mi jáde, a fi aṣọ wé wọn. Gbóyèga di ẹsẹ̀ mú, èmi di orí mú. Wọ́n fúyẹ́." Ó tún ní, "A dúró sí ojú títì báyìí. Gbóyèga ń bi mí pé ibo ni ká gbé wọn lọ."